Ẹkún Atẹdùùrù

Bàámi, a ń wá orin tí a ó fi sin yín. Orin pọ̀, a ò rí ọ̀kan yàn.

Àpótí páànù yín ló wà níwájú mi yìí. Mo ṣí i, òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ìwé orin lórí ìwé orin. Èyí ti pọ́n bí omi tíì, èyí ti ya sí méjì kí ẹ tó fi òwú dúdú gán an. Ẹ̀yin tí ẹ yan orin fún òkú gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èyí tó yẹ ìyá ọlọ́mọ mẹ́jọ, tí ẹ mọ èyí tó yẹ àbíkẹ́yìn tó ṣáájú ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ yan ti ará, ẹ yan ti àlejò, ẹ lọ láìyan ti ara yín. Kí wọ́n tó gbé òkú wọlé, ẹ ti jókòó. Bí wọ́n bá gbé òkú jáde tán, ẹ̀yin lẹ máa ń dìde kẹ́yìn. Wàyí o, ẹ̀yin la fẹ́ gbé wọlé. Ta ni yóò ti jókòó dè yín?

Atẹdùùrù tí í fi ọwọ́ pe ọ̀rọ̀, tí í fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn. Bàbá Ọ́gáànù tí bàtà òsì rẹ̀ máa ń gbó ṣáájú tọ̀tún, nítorí ẹsẹ̀ òsì ló ń wá ìró ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tí í bá gbogbo ìlú sunkún, tí omi kì í sì í wá sójú rẹ̀. Ó dàárọ̀ o, Bàámi. Ó di ìgbà tí ẹnìkan bá ṣi dùùrù tẹ̀ kí n tó tún rí bí ẹ ṣe máa ń fajú ro.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹbí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ orin yìí. Lórí ọ̀rọ̀ màlúù, ẹ̀ẹ̀kan péré la jókòó. Bùrọ̀dá pè láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí á gba àwọn agbépósí tí ń jó, àwọn tí wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun, tí onífèrè ń ṣáájú wọn, tí wọ́n á gbé pósí sókè, tí wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n á tún yí i po bí ẹni ń gbé ọmọ jó. Àǹtí mi fọwọ́ lu tábìlì. Wọ́n ní, ‘Bàámi lẹ fẹ́ máa jù sókè jù sísàlẹ̀ yẹn? Bàámi tí kì í jẹ́ kí ẹ sáré lórí pákó nítorí ariwo?’ Màámi ò dá sí i. Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní ohun yòówù tí a bá yàn, kó má ṣe pariwo. ‘Etí bàbá yín kì í gba ariwo.’ Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ wà ní yàrá kejì tí ẹ ń sun oorun ọ̀sán.

Àlùfáà ìjọ fún wa ní orin aláìlọ́rọ̀ méjì: ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Wọ́n ní òkú mìíràn ń bọ̀ ní aago méjìlá.

Orin aláìlọ́rọ̀. Ẹnu ya àwọn àbúrò yín pé ohun tí a tẹnu mọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí ló dé tí a ò fi gbogbo ìsìn kọ orin ìyìn, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ dàgbà sí. Wọn ò mọ ìjà tí ẹ ń bá orin ìyìn jà láti ìgbà èwe yín. Kì í ṣe ẹ̀mí inú rẹ̀ lẹ ń bá jà, ohùn ni. Òyìnbó gbé orin dé pẹ̀lú ohùn tirẹ̀; a tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, a ò tú ohùn náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń gòkè, orin ń sọ̀ kalẹ̀. A fẹ́ pe ọ̀run, orin gbà á lẹ́nu wa, ó sọ ọ́ di ọrùn. Mo ṣì ń rí wọn: gbogbo ìjọ nínú aṣọ dúdú, omijé lójú wọn, wọ́n ń fi gbogbo agbára kọ ọ́ pé ẹni àwọn ti dé ọrùn. Ẹ̀yin á máa wò wọ́n láti inú dígí kékeré tó wà lórí dùùrù, ẹkún á gbé yín lọ́fun, ẹ̀rín á gbé yín lọ́fun, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa gbé mì.

Ẹ máa ń sọ pé Thomas Ekundayo Phillips ló fi ọ̀rọ̀ yìí há yín létí. Ọdún 48 ni wọ́n fi wà nídìí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kírísítì ní Marina, l’Ékòó, láti 1914 títí di 1962. Ọdún 1953 ni ìwé wọn lórí orin Yorùbá jáde, tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ kedere pé orin àti ọ̀rọ̀ kò ṣeé yà nípá nínú èdè wa, pé ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá tọ̀, ibẹ̀ ni kí orin tọ̀. Ẹ gbọ́ wọn lọ́mọdé, ẹ sá pamọ́ sẹ́yìn òpó, wọn ò rí yín. Láti ọjọ́ náà, bí òkú bá ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé orin tí kò lọ́rọ̀ kò lè ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ó kéré tán, ẹ ní, kí ó jẹ́ pé ìgbà kan wà nínú ìsìn tí a ò ní purọ́ mọ́ òkú.

Mo mú Handel. Ìrìn òkú tó wà nínú Saul ni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìíní ọdún 1739, tí wọ́n sì fi sin Churchill ní 1965. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orin òkú ni, ohùn ẹni tí inú rẹ̀ dùn ló fi ń rìn. Ẹ ti sọ fún mi rí pé òkú ọba ni wọ́n ń fi irú ìyẹn sin. Àǹtí mi ní kó jẹ́ ti ìjáde. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ti ìwọlé ni kò jẹ́ ká sùn.

Mo mú Purcell. Ẹnìkejì yín ni, atẹdùùrù ni, Westminster Abbey ló ti ń tẹ̀ ẹ́. Olóde mú Ọbabìnrin Mary lọ ní ìparí ọdún 1694. Purcell kọ orin tí wọ́n fi sin ín ní oṣù Kẹta ọdún 1695. Ẹ wo ọwọ́ ayé. Kí oṣù Kọkànlá ọdún kan náà tó parí, Purcell náà ti lọ, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Orin tó kọ fún ọbabìnrin ni wọ́n fi sin òun náà. Ó ṣe ẹ̀wù fún ẹlòmíràn, ẹ̀wù náà bá a mu. Ẹ̀gbẹ́ dùùrù rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bàámi, a ò lè tẹ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti kún láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀yìn ìlú la ti ra ilẹ̀ fún yín, nínú oko tíìkì, níbi tí kò sí orin kankan bí kò ṣe ti ewé gbígbẹ. Mo dá Purcell padà. Oró rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo mú Brahms. Ìyá rẹ̀ ló kú ní 1865. Nígbà tó kọ orin òkú tirẹ̀, kò fi Látìnì kọ ọ́, èdè Jámánì tó ń sọ nílé ló fi kọ ọ́, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ló sì kọ́kọ́ kọjú sí kó tó kan òkú. Ọkàn mi fà sí i. Ṣùgbọ́n akọrin ńlá ló gbà, àwa ní akọrin mọ́kànlá, mẹ́ta nínú wọn ń wúkọ́.

Mo mú Fela Sowande, mo jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kì í ṣe Fela tó wá sí yín lọ́kàn yẹn. Èyí ni ọmọ akọrin tí Phillips tọ́ ní Marina. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ni wọ́n bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín ọdún 1930 sí 1940, orin já wọn gbà lọ́nà. Wọ́n tẹ dùùrù ní Kingsway Hall, wọ́n kó orin ilé wa wọ inú páìpù òyìnbó, páìpù ò bẹ́. Ọ̀kan ń bẹ nínú èyí tí wọ́n kọ fún dùùrù tí wọ́n pè ní Yoruba Lament. Ẹ gbọ́ ná: ẹkún Yorùbá, láìsí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ta ló tún yẹ bí kò ṣe ẹ̀yin? Mo tú u wò. Ojú ìwé àkọ́kọ́ wà. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e kò sí. Ẹ yá ẹnìkan, ẹni náà ò dá a padà. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ẹ yá a, ẹ ò kọ orúkọ ẹni tí ẹ yá. Ìwà yín náà nìyẹn.

Mo sunkún lórí bébà yẹn ju bí mo ti sunkún nígbà tí dókítà bọ́ sóde lọ. Ọkùnrin náà, Sowande, kú sí Ravenna ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1987, ìpínlẹ̀ yẹn náà ni sàréè wọn wà. Ẹni tó kọ ẹkún Yorùbá, òtútù ilẹ̀ àjèjì ló bò ó. Ẹkún rẹ̀ tó yẹ kó wà nílé, ìdajì rẹ̀ wà nínú àpótí, ìdajì rẹ̀ wà lọ́wọ́ a-yáni-lóhun-má-dá-a-padà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Kí ni mo fẹ́ sọ fún yín?

Ó wá ku Chopin.

Èmi ni kò fẹ́ ẹ. Mo ní gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ, pé bí ọmọdé bá fẹ́ fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú fíìmù, òun náà ni wọ́n máa ń kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yín, ọkùnrin tí ẹ fi ìka lé dùùrù nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀, tó ti ní ọmọ mẹ́rin báyìí, wò mí títí. Ó ní, ‘Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé náà.’

Mo yí i sẹ́yìn. Pẹ́ńsù ni. Ìlà lórí ìlà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ àti ọdún, orúkọ àti ọdún. Mo kà á, ó jẹ́ 117. Ìyá tí ń ta àgbàdo lẹ́yìn ilé ìwé wà níbẹ̀. Olùkọ́ tó nà mí ní pàṣán wà níbẹ̀. Bàbá tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ ò kọ orúkọ wọn, ẹ kọ Bàámi, bí èmi náà ti ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀gbẹ́ àwọn kan ní àgbélébùú kékeré. Mo ní ṣé àwọn tí ẹ fẹ́ràn jù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yín rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, àwọn tí orin wọn ò parí ni. Òjò wọlé, tàbí ìjà ẹbí bẹ́ sílẹ̀, tàbí àlùfáà ní ó tó, tàbí iná lọ. Gbèsè lẹ kà wọ́n sí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ ọmọ Póláǹdì yìí. Párísì ló kú sí, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1849, ọjọ́ 30 ni wọ́n sin ín. Àwọn tó ń bú wa pé Yorùbá ń gbé òkú pamọ́ dúró de ayẹyẹ, kí wọ́n ka ọjọ́ wọ̀nyẹn wò. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ orin òkú Mozart fún òun, èyí tí ikú ò jẹ́ kí Mozart parí ní 1791. Ṣọ́ọ̀ṣì Madeleine kì í fẹ́ ohùn obìnrin nígbà náà, bẹ́ẹ̀ orin náà ò ṣeé kọ láìsí obìnrin. Wọ́n fi aṣọ dúdú gé wọn kúrò lójú àwọn èèyàn, wọ́n kọrin láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrìn òkú tí òun fúnra rẹ̀ kọ náà dún níbẹ̀. Wọ́n sin ara rẹ̀ sí Párísì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé ọkàn rẹ̀ nínú ìgò lọ sí Warsaw, inú òpó ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wà níbẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa. Bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀, irun orí àti èékánná là ń mú wálé.

Mo wá rántí òru kan. Dùùrù kékeré pálọ̀, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti ń fẹ́ ẹwìrì. Lóru, tí ẹ bá rò pé a ti sùn, ẹ máa ń jókòó sídìí rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ ẹwìrì rẹ̀, ẹ ó kàn máa tẹ eyín rẹ̀ lásán, kí ìka má baà gbàgbé, kí ọmọ má baà jí. Kò sí orin. Igi ń lu igi, kọ́, kọ́, kọ́-kọ́. Ohun tí mo fi ń sùn lọ́mọdé nìyẹn. Mo rò pé bí ilé gbogbo ṣe ń dún nìyẹn lóru.

Òru yẹn mo jáde wá, mo ní kí lẹ ń tẹ̀. Ẹ ò lé mi padà. Ẹ fẹ́ ẹwìrì díẹ̀, ẹ tẹ nóòtì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ ní, ‘Ṣé ó gòkè?’ Mo ní kò gòkè. ‘Ṣé ó sọ̀ kalẹ̀?’ Mo ní kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ní, ‘Re ni gbogbo rẹ̀. Kò sí dò, kò sí mí. Kí ló ń sọ?’ Mo ní kò lọ́rọ̀. Ẹ ní òótọ́ ni, òyìnbó tó kọ ọ́ ò fi ọ̀rọ̀ sí i, etí Yorùbá ni kò lè gbọ́ ohùn kó má wá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ bá tún un tẹ̀, ẹ sì ń fi ẹnu pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí rẹ̀:

Ẹni wa ni. Ẹni wa ni.

Ìyẹn ni mo fi fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n kọ Chopin sínú ìwé ètò ìsìn.

Ọjọ́ Ẹtì la sin yín. Aṣọ wà, àwọ̀ búlúù tí ẹ ò fẹ́ràn. Ẹ dárí jì wá. Ilẹ̀kùn ṣí, àwọn agbépósí wọlé, wọn ò jó. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ti jókòó dè yín. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, oníná, ẹ mọ bí ẹ ṣe bá ìgbìmọ̀ jà nítorí rẹ̀, gbé ohùn. Ẹni wa ni. Mo gbọ́ ọ. Àǹtí mi náà gbọ́ ọ, mo rí i lẹ́nu wọn. Ẹni wa ni, ẹ̀yin tí ẹ jí ṣáájú aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni wa ni, ẹ̀yin tí ẹ ò gba owó lórí òkú ọmọdé rí. Ẹni wa ni, ẹ̀yin tí ẹ le bí ojú òkúta, tí ẹ ń fi ìka pa ọmọ ènìyàn lẹ́kún. Ẹni wa ni, ẹni wa ni, pósí dé àárín ìjọ, iná lọ.

Ohùn já bí okùn. Fáànù dúró. Jẹnẹrétọ̀ wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́ǹtì. Gbogbo ìjọ dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la ti gbọ́ ọ.

Kọ́. Kọ́. Kọ́-kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín ò dúró. Ìka rẹ̀ ń lọ lórí eyín dùùrù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí pákó ìsàlẹ̀, igi ń lu igi. Àwọn agbépósí wo ara wọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, wọ́n ń bọ̀. Olórí akọrin dìde láti lọ fọwọ́ kàn án léjìká pé kó sinmi, pé kí àwọn dá orin kan sílẹ̀. Màámi, tí wọn ò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, tí wọ́n ti sùn ti irú ìró yẹn ní àádọ́ta ọdún ó lé, gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, ‘Ẹ jẹ́ ó parí ẹ̀.’

Ó parí ẹ̀. Ó tún apá àkọ́kọ́ tẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú ìwé, kò fo ọ̀kan. Pósí ti gúnlẹ̀ tipẹ́, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, Màámi bú sẹ́kún.

Ó dàárọ̀ o, Bàámi. Ó di ojú àlá, ó di ẹ̀yìn dígí.

Nígbà tí àlejò tú ká, mo mú ìwé Chopin náà, mo mú pẹ́ńsù yín. Mo kọ ọ́ sí ìlà 118, mo kọ Bàámi, mo kọ ọdún. Mo fẹ́ fa àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí iná lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yín di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

Mi ò fà á.